Ajá ní páàsípọ̀tì Yúróòpù, olówó rẹ̀ kò ní: àlàyé lórí àwọn ará Ìlú Ọba tó ń gbé ní Sípéènì

Àǹtí mi kan ní Ìbàdàn ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, mo fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp láti Sípéènì: ajá gíga kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ti ìgalà, ó nà gbalaja sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, ìwé kékeré aláwọ̀ búlúù kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé, "Páàsípọ̀tì Yúróòpù ti ajá yìí rè é. Ẹni tó ni ín kò ní, ọjọ́ ló ń kà." Kò pẹ́ tí fóònù mi fi dún.

"Ṣé ajá náà ni wọ́n ń gba físà fún ni? Òyìnbó wo ló tún ń ka ọjọ́ nílẹ̀ Òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀? Ọmọ mi, là á yé mi."

Mo là á títí, dátà wọn tán kí àlàyé mi tó dé ìdajì. Ìyókù rè é. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe àwọn nìkan ló rú lójú. Àwa tí a wà ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé àwọn ará Ìlú Ọba tó nílé ní Sípéènì ń ké. Brexit, ìyẹn bí Ìlú Ọba ṣe jáde nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, wà nínú ẹ̀, ọjọ́ 90 wà nínú ẹ̀, ajá náà wà nínú ẹ̀, a kàn ń mi orí ni.

Ta ni "expat", irú ajá wo sì ni à ń wí?

"Expat" ni àwọn ará Ìlú Ọba máa ń pe ara wọn bí wọ́n bá kó lọ gbé nílẹ̀ onílẹ̀. Bí èmi àti ẹ̀yin bá kó dé Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè wá. Yorùbá ò kúkú mọ ìyàtọ̀ yẹn: àtìpó ni àtìpó ń jẹ́, ì báà wọ agbádá, ì báà wọ ṣòkòtò péńpé. Àtìpó náà ni n ó máa pè wọ́n níbí.

Sípéènì wà lára ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù ní Yúróòpù. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lé ní 250,000, etí òkun ni ọ̀pọ̀ wọn sì dúró sí, ní agbègbè Alicante àti Málaga, ní àwọn ìlú bíi Torrevieja, Jávea, Fuengirola àti Mijas. Àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Oòrùn ni wọ́n wá yá, nítorí òtútù Ìlú Ọba kì í ṣe ọ̀rẹ́ oríkèé arúgbó.

Ajá tí à ń sọ, mo ti wá orúkọ fún un: ajá àgbàtọ́. Ẹ ti mọ ọmọ àgbàtọ́. Ajá àgbàtọ́ ni ajá tí ẹnì kan já sílẹ̀ sínú igbó tàbí sójú títì, tí ẹlòmíràn rí i, tó gbé e, tó wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn, tó sì wá ilé fún un. Ẹni tó gbà á kọ́kọ́ lè má jẹ́ ẹni tó máa tọ́ ọ dalẹ́. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n gba ajá sọ́dọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan títí olówó tuntun yóò fi yọjú.

Ìyá òyìnbó kan tí a jọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí ní Ìlú Ọba ni mo lọ kí, àwọn ló ni ajá inú fọ́tò náà. Màmá ni mo ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn gan-an ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè wọ́n. Ẹnu mi ò gbà á. Ọdún 2014 ni wọ́n ra ilé oníyàrá méjì kan nítòsí Alicante.

Níbo ni àwọn ajá náà ti ń wá?

Àwọn ọdẹ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Irú ajá méjì lẹ máa gbọ́ orúkọ wọn níbẹ̀ lemọ́lemọ́. Ọ̀kan ni galgo, ajá eré tí wọ́n fi ń lé ehoro lórí pápá. Ìkejì ni podenco, elétí gígùn tó ń fi imú àti etí wá ẹran nínú igbó. Ìgbà tí òfin gbà kí wọ́n máa fi galgo ṣọdẹ máa ń parí ní ìparí oṣù Kìíní tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì. Ajá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ́ra, tàbí èyí tó gbọ́n jù tó ń gba ẹ̀bùrú dípò kó sáré tẹ̀lé ehoro, kò wúlò fún ọdẹ mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀, oúnjẹ ló sì ń jẹ. Nítorí náà, oṣù Kejì ni ilé àwọn tó ń gba ajá máa ń kún jù. Ọjọ́ kìíní oṣù náà ni àwọn tó fẹ́ràn galgo ti yà sọ́tọ̀ láti fi pariwo ọ̀rọ̀ wọn.

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, bẹ́ẹ̀ là ń wí nílé. Ní tibí yìí, ọdẹ gan-an ni kì í fọn fèrè mọ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ nìkan kọ́ ni wọ́n ti ń wá ṣá. Ajá oko tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá ń bímọ, wọ́n ń kó ọmọ rẹ̀ sínú páálí sẹ́bàá ààtàn. N ò sì ní fi bò pé àwọn àtìpó náà ń dá kún un. Arúgbó a kú, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìlú Ọba a wá ta ilé, ajá a di ti ta ni. Tàbí owó a wọ́n, tọkọtaya a kó padà sílé, wọ́n a so ajá mọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń gba ajá ní òru.

Ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ ń kó ajá tó ń rìn gbéregbère sí ni wọ́n ń pè ní perrera. Àwọn àtìpó tó láàánú ajá ló dá ọ̀pọ̀ ilé àgbàtọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà ni wọ́n fi ń rówó: wọ́n a gba aṣọ, ìwé àti àwo lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n a tà á ní yúrò kan, yúrò méjì, owó dókítà ẹranko a ti ibẹ̀ jáde. Ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ni ibi àpérò wọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣàìsàn, omi tí kò yọ, tàbí ìwé tuntun tí ìjọba ń béèrè, ẹ lọ dúró nídìí aṣọ òtútù níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí.

Ajá Màmá, abo galgo ni. Àpá kan yí i lọ́rùn ká bí ẹ̀gbà, irun kò hù níbẹ̀ mọ́. Kì í gba ẹnu ọ̀nà kọjá bí ọkùnrin tó dé fìlà bá dúró síbẹ̀. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dé, mo dé fìlà onírun, ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ. Èmi kì í ṣe ọkùnrin, ṣùgbọ́n kò yà á lára láti yẹ̀ mí wò.

Ṣé kò sí òfin ni?

Òfin wà, òun náà sì wà lára ohun tó ń da ọ̀pọ̀ lójú rú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Sípéènì ṣe òfin ìdáàbòbò ẹranko tí wọ́n ń pè ní Òfin 7/2023. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ajá sílẹ̀ ní òun nìkan ju wákàtí 24 lọ. Ó fòfin de títa ajá nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ pa ajá torí pé àyè ò sí fún un mọ́. Owó ìtanràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 500 yúrò, ó sì lè dé 200,000.

Àwọn àtìpó yọ̀. Ìgbà tí wọ́n ka ìwé náà délẹ̀ ni wọ́n rí i pé òfin yọ ajá ọdẹ sílẹ̀, àti ajá tó ń ṣiṣẹ́ bíi ti darandaran. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá sílé ìgbìmọ̀ kò yọ wọ́n. Àwọn ọdẹ àti àwọn ará oko ló fẹ̀hónú hàn, ìbò wọn sì pọ̀. Èyí ò sọ pé ẹni tó bá fìyà jẹ galgo lọ lọ́fẹ̀ẹ́ o, nítorí òfin ìwà ọ̀daràn ṣì ń bo gbogbo ajá. Ohun tó sọ ni pé òfin tuntun tó rọ ajá orí àga lọ́rùn kò kan ajá tó wà lóko ọdẹ. Ajá Màmá kan náà ni: kò sí lábẹ́ òfin yẹn nígbà tó ń lé ehoro, ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó di ajá ilé.

Kí ni Brexit fi ṣe olówó ajá?

Kí Brexit tó dé, ẹni tó bá ní páàsípọ̀tì Ìlú Ọba lè wọ Sípéènì kó jókòó, bí ará Ìbàdàn ṣe ń lọ gbé ní Abẹ́òkúta. Ìlú Ọba jáde nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2020, wọ́n sì fún wọn láyè títí di ìparí ọdún yẹn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2021, àlejò ni wọ́n. Wọn kì í gba físà láti ṣe àbẹ̀wò, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ lò ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọjọ́ 180.

Páàsípọ̀tì wọn pàápàá ti di búlúù láti oṣù Kẹta ọdún 2020, kò sì ní ìràwọ̀ Yúróòpù lẹ́yìn. Ti ajá náà búlúù, òun ní ìràwọ̀. Fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn nìyẹn.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù ni àwọn tó ń ṣe bíi lékèélékèé. Bí òtútù bá dé, wọ́n a fò lọ sí Sípéènì, wọ́n a lo oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọ́n a padà sílé nígbà tí ilẹ̀ bá móoru. Ilé wọn ni wọ́n ń gbé, owó wọn ni wọ́n ń ná, ajá àgbàtọ́ sì wà lọ́dọ̀ wọn láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹrin. Òfin tuntun gé ìgbà òtútù wọn sí méjì. Àwọn ilé àgbàtọ́ náà mọ̀ ọ́n lára, torí ẹni tó lè gba ajá tọ́jú fún ìgbà òtútù odidi kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, àsìkò yẹn gan-an ni galgo sì ń wọlé jù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ 90 náà?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé bí ọdún tuntun bá ti dé, ọjọ́ 90 mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn rò pé bí èèyàn bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Morocco fún ọjọ́ kan tó sì padà, kíkà tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ fojú inú wo okùn kan tó gba ìlẹ̀kẹ̀ 180, kò dín, kò lé. Ọjọ́ kan, ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ọjọ́ tí ẹ bá wà ní àwọn ilẹ̀ Schengen, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó pa bodè wọn pọ̀, tí Sípéènì wà lára wọn, iyùn pupa lẹ máa sín. Ọjọ́ tí ẹ ò bá sí níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ funfun. Ní àràárọ̀, ẹ ó sín ìlẹ̀kẹ̀ tuntun kan sí iwájú, ọ̀kan a sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. Gbogbo òfin náà kò ju èyí lọ: ọjọ́ yòówù kí ọlọ́pàá etí bodè gbé okùn yín wò, iyùn tó wà lórí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 90.

Ẹ jẹ́ ká fi ti Màmá ṣe àpẹẹrẹ, torí kàlẹ́ńdà wọn wà lára fìríìjì, mo sì ti kà á tán. Wọ́n wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025. Oṣù Kìíní ní 31, Ìkejì ní 28, Ìkẹta ní 31. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90 géérégé, nítorí ọjọ́ tí èèyàn wọlé àti ọjọ́ tó jáde, iyùn ni méjèèjì. Ó di dandan kí wọ́n jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ìgbà wo ni wọ́n lè padà? Ìgbà tí iyùn àkọ́kọ́ bá bọ́ lẹ́yìn okùn. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ni ìlẹ̀kẹ̀ pé 180, nítorí náà iyùn ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní máa bọ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Bí wọ́n bá wọlé lọ́jọ́ yẹn, wọ́n lè dúró títí di ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, torí bí wọ́n ṣe ń sín iyùn tuntun lójoojúmọ́ ni iyùn àtijọ́ ń bọ́ lójoojúmọ́.

Gbogbo ilẹ̀ Schengen ni wọ́n pa pọ̀ ka. Ẹni tó bá fi mọ́tò kọjá ní Faransé lọ sí Sípéènì, ọjọ́ tó lò lọ́nà wà nínú 90. Tẹ́lẹ̀, òǹtẹ̀ inú páàsípọ̀tì ni wọ́n fi ń kà á, òǹtẹ̀ mìíràn kì í hàn dáadáa. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà rọ́pò òǹtẹ̀: wọ́n ń ya àwòrán ojú, wọ́n ń gba ìtẹ̀ka. Kọ̀ǹpútà kì í gbójú fo iyùn kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ ní páàsípọ̀tì Nàìjíríà, tí ẹ ń gba físà Schengen ti àbẹ̀wò, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà là ń sín. Ìyàtọ̀ ni pé a ti ń sín in tipẹ́tipẹ́, a ò sì pariwo.

Ta ni òfin yìí kò kàn?

Ẹni tó ti ń gbé ní Sípéènì lábẹ́ òfin kí ọdún 2020 tó parí. Àdéhùn tí Ìlú Ọba àti Yúróòpù bára wọn ṣe nígbà ìpínyà ló dáàbò bo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Káàdì kan tí wọ́n ń pè ní TIE ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Àwọn kò ka ọjọ́.

Ẹ kíyè sí i pé mo sọ pé "tó ti ń gbé", n ò sọ pé "tó nílé". Ilé níní yàtọ̀ sí ibùgbé. Màmá ra ilé ní 2014, ṣùgbọ́n wọn ò forúkọ sílẹ̀ rí gẹ́gẹ́ bí olùgbé, Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń san owó orí. Aládùúgbò wọn, bàbá kan láti Yorkshire tó ń háyà yàrá kan ṣoṣo, ti lọ forúkọ sílẹ̀ ní 2018. Bàbá yìí ló ní TIE, bẹ́ẹ̀ kò ní bíríkì kan ní Sípéènì.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbé níbẹ̀ báyìí, físà ló máa gbà. Èyí tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ń lé jù ni ti ẹni tí kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá, tó ní owó tirẹ̀ tí yóò máa jẹ. Owó tí wọ́n ń béèrè jẹ́ 28,800 yúrò lọ́dún fún ẹnì kan, kí wọ́n fi 7,200 kún un fún ìyàwó tàbí ọkọ. Owó ìfẹ̀yìntì tuntun tí ìjọba Ìlú Ọba ń san lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ ní ọdún ìnáwó 2025 sí 2026 jẹ́ £230.25 lọ́sẹ̀, èyí tí kò tó ìdajì iye yẹn. Ẹni tí kò bá ní owó mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, kó tètè máa ka ìlẹ̀kẹ̀.

Wọ́n tún ń béèrè ìwé báńkì, ìwé ọlọ́pàá, ìwé dókítà, ìbánigbófò ìlera, kí wọ́n sì túmọ̀ èyí tó bá wà ní Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Sípéènì. Bí Màmá ṣe ń ka gbogbo rẹ̀ fún mi lórí ìka ni mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ẹ káàbọ̀ sẹ́gbẹ́ wa." Inú wọn ò kọ́kọ́ dùn, ṣùgbọ́n nígbà tó yá àwọn náà rẹ́rìn-ín.

Ìwé wo ni ajá fi ń rìn?

Ajá tó ń gbé ní Sípéènì, dókítà ẹranko ibẹ̀ lè fún un ní ìwé búlúù yẹn. Ó ní nọ́ńbà ẹ̀rọ kékeré kan bí hóró ìrẹsì tí wọ́n fi sábẹ́ awọ ajá, ó sì ní àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Àwọn tí a ti rí ajá dìgbòlugi rí nílé mọ ìdí tí wọn ò fi ń fi abẹ́rẹ́ yẹn ṣeré.

Ajá tó ń gbé ní Ìlú Ọba kò rí ìwé bẹ́ẹ̀ gbà lọ́dọ̀ dókítà ibẹ̀ mọ́ láti 2021. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ lọ sí Yúróòpù, ìwé ẹ̀rí ìlera tuntun ni, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 10 lọ láti ìgbà tí dókítà ti buwọ́ lù ú kí ajá tó wọlé. Ìwé náà á gbé e fún oṣù bíi mélòó kan, ó parí. Ó sábà máa ń ju £100 lọ, fún ìrìn àjò kan ṣoṣo. Bí ajá bá ń padà bọ̀, ó gbọ́dọ̀ lo oògùn aràn láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó wọ Ìlú Ọba. Ẹni tó bá lò ó ní àárọ̀ ọjọ́ tó máa wọkọ̀ ti pàdánù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ìlú Ọba àti Yúróòpù fẹnu kò láti jọ wá bí ìwé ajá yóò ṣe padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ ti ń béèrè: ti Nàìjíríà ńkọ́? Tiwa le jù bẹ́ẹ̀. Ajá láti ọ̀dọ̀ wa gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́, kí wọ́n dúró ó kéré tán ọjọ́ 30, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n tún dúró oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà.

Kí ló dé tí ajá tí a fi tọrẹ fi di ọjà?

Ìbéèrè yìí ló ń fa ìjà jù nínú ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà. Ẹnì kan ní Manchester rí galgo kan nínú fọ́tò, ó ní òun fẹ́ ẹ. Obìnrin kan ní Alicante ní òun ń lọ sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á kàn bá a gbé e. Kò sẹ́ni tó jèrè kọ́bọ̀. Kí ló burú?

Ẹ wò ó báyìí. Bí ẹ bá gbé gààrí kóńgò méjì wọ Lọ́ńdọ̀nù fún ẹnu ara yín, ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹ bá gbé e fún ẹlòmíràn tó ń dúró de ẹrù ní pápákọ̀ òfúrufú, ọ̀tọ̀ ni, bí ẹ ò tilẹ̀ gbowó. Lójú òfin, ajá tó bá olówó rẹ̀ rìn ni ajá arìnrìn-àjò, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju márùn-ún lọ. Ajá tó ń lọ bá olówó tuntun ni wọ́n kà sí ẹrù òwò. Ẹrù òwò ní ìwé tirẹ̀: dókítà ìjọba ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, ọkọ̀ tó gba àṣẹ ló máa gbé e, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi tó àwọn aláṣẹ létí kó tó dé. Ọmọ ajá kò lè gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kó tó pé ọ̀sẹ̀ 12, ó sì tún máa dúró fún ọjọ́ 21, nítorí náà èyí tí wọ́n bá sọ fún yín pé ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó sì ti ń bọ̀ lọ́nà, ẹ má sanwó rẹ̀.

Èmi gba òfin yìí gbọ́ ju bí Màmá ṣe gbà á gbọ́ lọ. Àánú ló ń ti ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àwọn kan ti fi àánú bojú, wọ́n ń kó ọmọ ajá ní ìkó ọjà. Ọlọ́pàá etí bodè kò lè fi ojú dá àwọn méjèèjì mọ̀.

Àrùn wo ni wọ́n ń bẹ̀rù?

Èyí tí orúkọ rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu wọn ni leishmania. Kòkòrò kan tó kéré ju ẹ̀fọn lọ ló ń fi í sínú ẹ̀jẹ̀ ajá ní àṣálẹ́, nígbà ooru. Ó lè fara pamọ́ fún oṣù tàbí ọdún kó tó yọjú: irun ojú a máa já, èékánná a gùn bí ti àwòdì, kídìnrín a dẹ́kun iṣẹ́. Wọ́n ń fi oògùn kápá rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ tán pátápátá. Allopurinol, oògùn tí dókítà ń fún èèyàn tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú nítorí àrùn gout, ni ajá ń lò fún un. Nítorí ẹ̀ ni ajá ibẹ̀ ṣe ń fi okùn ọrùn olóògùn sọ́rùn, tí ilé àgbàtọ́ tó mọṣẹ́ sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá wò kí wọ́n tó fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kòkòrò tó ń gbé e kiri yẹn kò sí ní Ìlú Ọba.

Èyí tí mo fojú ara mi rí yàtọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan, èmi, Màmá àti ajá ń rìn lábẹ́ àwọn igi páìnì. Lókè igi, mo rí ohun kan bí ìdì òwú. Nílẹ̀, kòkòrò onírun ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ìjàlọ, orí ọ̀kan kan ìdí èkejì, ìlà náà gùn tó apá mi méjèèjì bí mo bá nà wọ́n. Ajá na imú sí i. Màmá fa okùn rẹ̀ sẹ́yìn débi tí àwọn fúnra wọn fẹ́ẹ̀ ṣubú. Irun ara kòkòrò yẹn, bó bá kan ahọ́n ajá, ahọ́n náà a wú, a dúdú, apá kan rẹ̀ lè já bọ́. Láti oṣù Kìíní sí Ìkẹrin ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi. Bó bá ti fara kàn án, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí wọ́n fi ṣàn án, kí wọ́n má fi ọwọ́ ra á, kí wọ́n sì sáré tọ dókítà ẹranko lọ.

Ilé ńkọ́, ìbò ńkọ́?

Ti ilé máa tètè yé ẹni tó bá ti bá ọmọ onílẹ̀ da nǹkan pọ̀ ní Èkó. Ní agbègbè Almería, ọ̀pọ̀ àtìpó ra ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí, ìjọba àgbègbè Andalusia wá ní ilẹ̀ oko ni, wọn ò gbọ́dọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2008, katapílà wó ilé tọkọtaya arúgbó kan láti Ìlú Ọba ní ìlú Vera. Àwọn mìíràn wà nínú ilé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí iná tàbí omi tó bófin mu. Òfin kan ní 2019 la ọ̀nà fún irú ilé bẹ́ẹ̀ láti gba ìwé tí wọ́n á fi fa iná àti omi.

Ní ti ìbò, ìwé tó ṣe pàtàkì ni padrón, ìwé orúkọ àwọn tó ń gbé nílùú, tó wà lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Iye orúkọ inú rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ń wò kó tó pín owó fún ìlú, nítorí náà bí àtìpó ẹgbẹ̀rún kan ò bá forúkọ sílẹ̀, owó wọn kò ní dé, kí wọ́n má sì bínú bí iná títì bá kú. Sípéènì àti Ìlú Ọba ti bára wọn ṣàdéhùn ní oṣù Kìíní ọdún 2019 pé ará Ìlú Ọba tó bá ti gbé níbẹ̀ lábẹ́ òfin fún ọdún mẹ́ta lè dìbò ìjọba ìbílẹ̀. Oṣù Karùn-ún ọdún 2027 ni èyí tó ń bọ̀. Bàbá Yorkshire á dìbò. Màmá kò lè dì í.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, Màmá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi láti pápákọ̀ òfúrufú Alicante: òǹtẹ̀ ìjáde, ó ṣì tutù. Fọ́tò kejì tẹ̀ lé e. Bàbá Yorkshire jókòó lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú Màmá, ó ti ṣí fìlà rẹ̀, ajá gbé orí lé e nítan. Mo fi méjèèjì ṣọwọ́ sí Ìbàdàn.

Àǹtí pè. "Ajá ló wá nílé, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Màmá ń bọ̀ wá kí i ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà."